Ìbọn Àkọ́kọ́ fún Ọdẹ Tí Kò Lówó: Ìtàn Ṣakabùlà Nílẹ̀ Yorùbá



Ẹni tó bá ń wá síbi ọdún Ifá fún ìgbà àkọ́kọ́ lè ta gìrì nígbà tí ìró ìbọn bá bú láàrin ìlù àti orin. Àwọn ọdẹ ló ń kí. Bí èéfín bá ti ń rá, kí àlejò náà wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn dáadáa. Yóò rí irin gígùn kan tí a so mọ́ igi, tó lè gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ, tí ìdí rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ àti èjìká tó ti lò ó pẹ́. Ṣakabùlà nìyẹn, ìbọn tí a ń ki láti ẹnu. Ó ti lé ní igba ọdún tí irú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ Yorùbá, ayé sì ti pààrọ̀ ìbọn lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, àmọ́ òun ṣì wà lọ́wọ́ ọdẹ.

Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ìjálá, lórí ìrèmọ̀jé, àti lórí oògùn ọdẹ. Ohun tí wọn kì í sábà dúró lé lórí ni ìbéèrè tí ọ̀dọ́mọdé ọdẹ kọ́kọ́ ń bi ara rẹ̀: níbo ni mo ti máa rí ìbọn tí agbára mi ká, tí kò ní pa mí kó tó pa ẹran? Bí a bá tẹ̀ lé ìbéèrè yìí, a ó rí ìdí tí ṣakabùlà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Kì í ṣe pé ọdẹ wa kò mọ̀ pé ìbọn tó dára jù ú lọ wà.

Kí ìbọn tó dé, ọrun àti ọfà, àkàtàm̀pó, ọ̀kọ̀, ẹ̀bìtì, tàkúté àti ọ̀fìn ni ọdẹ ń lò. Ọfà kì í pariwo. Ọdẹ lè ta ọ̀kan kí ẹran kejì má mọ̀ pé èkínní ti ṣubú, bí kò bá sì bà á, yóò ṣà á nílẹ̀, yóò tún un ta. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ àlejò. Ẹ̀rí bí ohun èlò yìí ṣe jinlẹ̀ tó nínú ọkàn àwọn baba wa wà ní òkè òkun. Ní Bràsíìlì, Oxóssi, ìyẹn Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tiwa, ni wọ́n ń pè ní ọba Kétu, àmì rẹ̀ sì ni ọrun àti ọfà tí a rọ pọ̀ mọ́ra. Ofá ni wọ́n ń pe àmì náà títí di òní. Ní Kúbà pẹ̀lú, ọrun àti ọfà onírin ni ti Ochosi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògún. Àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun gbé ọrun náà lọ nínú ọkàn wọn, wọn kò sì fi ìbọn rọ́pò rẹ̀. Ilé ni ohun èlò ti yí padà.

Etíkun ni ìbọn gbà wọlé. Àwọn Potogí, àwọn Dọ́ọ̀ṣì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Dẹ́nmáàkì ló ń kó o wá. Ilé olódi tí àwọn ará Dẹ́nmáàkì kọ́ sí Àkrà, tí wọ́n pè ní Christiansborg, ni a fi ń rántí wọn, orúkọ wọn ló sì wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ wa, tí àwọn akọ̀wé fi ń pe ṣakabùlà ní ìbọn àwọn ará Dẹ́nmáàkì. Orúkọ lásán ni fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀m ni wọ́n ti rọ ọ̀kẹ́ àìmọye ìbọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n dìídì ṣe fún ọjà Áfíríkà. A kò sì lè sọ ìtàn yìí ká fi apá kan rẹ̀ pamọ́: ènìyàn ni wọ́n fi ra púpọ̀ nínú ìbọn wọ̀nyí. Ìbọn ń mú ẹrú wá, ẹrú ń mú ìbọn wá. Ọdẹ tó gbé ìbọn lọ sígbó lẹ́yìn ìgbà náà gba ohun èlò tí ọwọ́ ogun ti kọ́kọ́ dì mú.

Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, jẹ́ kó yé wa pé nínú ogun tó pa Òwu run ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, agẹdẹńgbé ni àwọn ọmọ Òwu gbẹ́kẹ̀ lé, ìyẹn àdá ńlá tí a fi ń jà lójúkojú. Àwọn Ìjẹ̀bú tó sún mọ́ òkun ní tiwọn ti ní ìbọn. Ẹni tó bá sún mọ́ etíkun ló kọ́kọ́ rí i rà. Bí ìbọn ṣe ń wọ inú ilẹ̀ lọ ni owó rẹ̀ ń gun òkè, nítorí gbogbo ìlú tó kọjá ló ń gba tirẹ̀ lórí rẹ̀, ìlú tó bá sì ń bínú lè ti ọ̀nà pa.

Èyí hàn gbangba nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1870 sí 1879 tí àwọn ológun kò sì tú àgọ́ rẹ̀ ká títí di 1893. Ìró ìbọn gan-an ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ìbàdàn, lábẹ́ Ààrẹ Látòósà, jìnnà sí òkun, àwọn tó jókòó sójú ọ̀nà kò sì fẹ́ kí ẹ̀tù kọjá lọ bá a. Èkìtìparapọ̀, tí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé Iléṣà jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú wọn, rí ìrànwọ́ gbà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó, wọ́n sì rí ìbọn ìgbàlódé rà, èyí tí a ń ki láti ìdí. Àwọn Ìbàdàn tó ti ń fi ìgboyà jìn wọ iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú láti ọ̀nà jíjìn tí ṣakabùlà kò lè dé. Látòósà kú sí àgọ́ ní 1885. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìbọn méjèèjì.

Kí ló wá dé tí ọdẹ kò sọ ṣakabùlà nù, kó sì ra èyí tó yára? Ìdáhùn kan wà nínú òfin. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti díẹ̀ nínú àwọn mìíràn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní ìlú Brussels. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi òpin sí òwò ẹrú. Ìwé náà ka ìbọn tí a ń ki láti ìdí àti èyí tí inú ọ̀pá rẹ̀ ní ilà yíyí léèwọ̀ fún títà ní apá tó pọ̀ jù nínú Áfíríkà, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta iná tí inú rẹ̀ dán, àti fún ẹ̀tù òwò lásán. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹrú nìkan kọ́ ló wà lọ́kàn àwọn tó kọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ jọba lé ènìyàn lórí kì í fẹ́ kí onítọ̀hún ní irú ìbọn tí òun ní. Bó ti wù kó rí, ohun tó ṣẹ́ kù fún ọdẹ láti rà láìfòyà ni èyí tó rẹlẹ̀ jù.

Ìdáhùn kejì wà ní àgbẹ̀dẹ, òun ló sì wù mí jù. Bí ìbọn ìgbàlódé bá bàjẹ́, tàbí tí ọta tirẹ̀ bá tán, ó di ọ̀pá lásán lọ́wọ́ ẹni tó wà ní abúlé. Ṣakabùlà kò rí bẹ́ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ìlú lè rọ irin rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà lè gbẹ́ ìdí rẹ̀, ọta rẹ̀ sì lè jẹ́ òjé tàbí ẹ̀rún irin tó bọ́ nídìí owú. Láti títún èyí tó ti òkè òkun wá ṣe ni àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi dẹni tó ń rọ odidi. Òkúta tó ń ta iná ló kọ́kọ́ ń tan ẹ̀tù. Lẹ́yìn náà ni ti oníkáàpù dé, èyí tí òjò kì í tètè bá jà. Gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ Ògún, ẹni tó ni irin, tó ni ọdẹ, tó tún ni alágbẹ̀dẹ.

A lè wá padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọdé wa. Kò ní owó. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yá a ní ìbọn, ìpín ẹran sì ń lọ sọ́dọ̀ oníbọn. Bó bá ti pé ọdún mélòó kan tó ti ń fi ìbọn onìbọn pa òyà àti ẹtu, ó lè dá àjọ tàbí èésú, kó gbé owó náà lọ bá alágbẹ̀dẹ. (Kí àlejò tó ń kọ́ èdè wa ṣọ́ra níbí: ẹtu ni ẹran, ẹ̀tù ni a ń ki sínú ìbọn, ẹtù sì ni ẹyẹ tí a fi orúkọ rẹ̀ pe aṣọ òkè kan. Ẹni tó bá ṣi ohùn lò lè ní kí wọ́n ki ẹyẹ sínú ìbọn.) Ẹlòmíràn ń ra èyí tí a ti lò rí. Nínú méjèèjì, èyí tí a ti lò rí ló máa ń pọ́n lójú ju bó ti yẹ lọ, nítorí ìdí tuntun àti ìṣó bàbà lè bo àṣìṣe irin mọ́lẹ̀.

Ọ̀pá irin ni kó kọ́kọ́ wò. Bí owó rẹ̀ bá kéré, kó jẹ́ kí ìdí rí wúruwùru, kó má ní ọ̀ṣọ́ kankan, kó sì kó owó lé irin. Àgbà ọdẹ a máa gbé ọ̀pá náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, á wo inú rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì nígbà tí a bá ti tú ìdí rẹ̀: ṣé ó tọ́, ṣé ìpẹtà ti jẹ ẹ́ bí ikán? Á fi irin kékeré kàn án, á sì tẹ́tí. Irin tó pé a máa dún gbọọrọ. Èyí tó ti sán a máa dún bí ìkòkò tó ti là. Ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ̀tù ti ń gbiná, ló yẹ kó nípọn jù. Láyé òde òní, àwọn kan ń fi páìpù omi rọ ìbọn. Páìpù tí a ṣe fún omi, agbára omi ni a wọ̀n fún un. Mo mọ bàbá kan tí àtàǹpàkò rẹ̀ òsì kò sí mọ́. Kò jẹ́ sọ bó ṣe lọ, àmọ́ nígbàkígbà tí ọmọdé kan bá gbé ìbọn tuntun wá fi hàn án, ọwọ́ náà ló ń fi yẹ ìdí ọ̀pá wò kó tó sọ ohunkóhun.

Ní Birmingham, òfin ọdún 1813 dá ilé ìdánwò sílẹ̀, níbi tí a ti ń fi ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ dán gbogbo ọ̀pá ìbọn wò, kí a tó lu òǹtẹ̀ sí i lára. Abúlé kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó bẹ̀rù Ògún ni ilé ìdánwò. Á so ìbọn mọ́ igi, á fi okùn fà á láti ẹ̀yìn ohun tó lè gbà á sílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, kó tó gbé e lé oníbàárà lọ́wọ́. Alágbẹ̀dẹ tó bá kọ̀ láti yin ìbọn rẹ̀ lójú ẹni tó fẹ́ rà á ti sọ iye tí ìbọn náà tọ́. Ní ti irin kékeré tó ń lu iná, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó dúró gbọn-in nígbà tí a bá gbé e sókè, kó má ṣe já fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdẹ tí a sọ pé ayé ló ṣe é, irin yìí ló já lórí èjìká rẹ̀ nígbà tó ń kọjá lábẹ́ ẹ̀ka.

Lẹ́yìn ìbọn ni ẹ̀tù, a kò sì gbọ́dọ̀ ṣahun sí i. Ẹ̀tù tó ti gba omi a máa pẹ́ kó tó gbiná. Ọdẹ á fà á, kò ní dún, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á wá dún. Nítorí náà ni adó tàbí ìwo tí a dí lẹ́nu dáadáa fi ṣe pàtàkì ju bó ti rí lójú lọ. Ẹni tó bá gbé ẹ̀tù sórí àjà ìdáná nítorí ọ̀rinrin ń fi ilé rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ìwọ̀n náà jẹ́ ọ̀rọ̀: alágbẹ̀dẹ tó rọ ìbọn ló máa ń sọ iye tí ìbọn náà lè gbà, ọdẹ á sì wá ohun kékeré kan, bí ìkarahun tàbí ọmọ adó, tí yóò máa fi wọ̀n ọ́n láìyẹ̀. Ọ̀dọ́ tó rò pé bí ẹ̀tù bá pọ̀ ẹran á tètè kú ló sábà ń ba ìbọn jẹ́.

Iná ló kàn, bó bá jẹ́ ọdẹ òru. Fìtílà elépo ni ti àtijọ́. Àtùpà kábáìdì tí a ń dè mọ́ iwájú orí, tí omi ń kán sórí òkúta kan nínú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń jáde gbiná, gba àṣẹ ìjọba ní Amẹ́ríkà ní 1900. Iná àwọn awakùsà ni níbẹ̀. Níbí, ọdẹ sọ ọ́ di tirẹ̀ pátápátá, nítorí ó ń mú kí ojú ẹran tàn nínú òkùnkùn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ fún ìbọn. Tọ́ọ̀ṣì ti gba ipò rẹ̀ báyìí, àmọ́ àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ òórùn rẹ̀. Àdá tó mú, àpò, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀: ẹni tó wá ṣe oko rí ti ní wọn. Gbérí ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Inú àwọn aláwòrán ń dùn sí gbérí, pẹ̀lú gbogbo oògùn tí a rán mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ni ọdẹ fi ń kó o jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi kò rí ọ̀dọ́mọdé ọdẹ kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbérí tó pé, tí mo sì bá a lọ sígbó tí ọkàn mi balẹ̀.

Ìnáwó kan tún wà tí ẹni tí kò bá mọ àṣà wa kò ní fi kún un: owó ìdáfá. Kí ìbọn tuntun tó wọ igbó, a máa ń bi Ifá nípa rẹ̀ àti nípa orí ẹni tó ni ín, a sì máa ń bọ Ògún. Babaláwo kì í ṣe àjèjì sí ọdẹ. Ìróké tí a fi eyín erin gbẹ́, tí awo fi ń kan ọpọ́n Ifá, ọdẹ ló mú eyín rẹ̀ wá láti inú igbó. Awọ, ìwo àti ìrù púpọ̀ nínú ohun èlò Awo, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wá. Ẹni tó bá rí ìróké àtijọ́ nílé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kó rántí pé ẹnì kan ti dúró níwájú erin kí ìróké náà tó lè wà, ọta kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ sì lè yìn kó tó tún un ki. Mítà 30 sí 40 ni ṣakabùlà ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹran ńlá tó bá fara gbọgbẹ́ ní mítà 30 kì í dúró kí ọdẹ tún ìbọn ki.

Ayé ti yí. Òfin ìbọn ọdún 1959 ní Nàìjíríà ya ìbọn tí a ń ki láti ẹnu sọ́tọ̀ sí ìsọ̀rí tirẹ̀, ó sì béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in. Òfin ọdún 1985 dáàbò bo àwọn ẹran tó ń tán lọ, erin sì wà nínú wọn, nítorí náà igi tàbí idẹ ni ìróké tuntun. Ọdẹ tó bá ń ra ìbọn àkọ́kọ́ lónìí gbọ́dọ̀ ka ìwé àṣẹ náà mọ́ ìnáwó rẹ̀ bí ó ti ka ẹ̀tù. Ní ti ìbọn tí ẹ ó gbọ́ níbi ọdún, ẹ̀tù nìkan ni àwọn ọdẹ ń ki fún ìkíni, wọn kì í ki ọta, síbẹ̀ iná àti àkísà tí a fi dí i ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yìn ọdẹ ni kí a dúró, kì í ṣe iwájú, bó ti wù kí àwòrán náà dùn tó.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù tí ọdẹ tálákà fi ń rí ìbọn kò gba ọjà kọjá rárá. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣe ìpà fún un, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, wọ́n á sì kó ohun èlò rẹ̀ jáde fún ẹ̀yẹ ìkẹyìn. Lẹ́yìn náà ni ìbọn ń padà wálé, tí wọ́n á fi kọ́ ara ògiri títí ọmọ kan nínú ilé yóò fi dàgbà tó. Ọmọ náà á gbé e sọ̀kalẹ̀, á nu ìpẹtà ara rẹ̀, á fi epo pa á. Bó bá jẹ́ ọmọ tí a kọ́, kò ní tíì ki ẹ̀tù kankan sínú rẹ̀. Á kọ́kọ́ gbé e lé èjìká, ẹnu rẹ̀ sókè, á gbọ̀nà àgbẹ̀dẹ lọ.